Ohùn Mi Nínú Fóònù Ẹ̀gbọ́n Mi

Ká ní ẹnikẹ́ni sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé n óò jókòó lọ́jọ́ kan, kí n máa dúpẹ́ nítorí ohùn mi tó wà nínú fóònù, ǹ bá ní kó lọ fi omi tútù bọ́jú, kó padà wá tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ. Ohùn wo? Ohùn tí mo kọ́kọ́ gbọ́ tí mo ń bi ara mi pé ta ni ọ̀fìnkìn ń bá jà báyìí? Ṣùgbọ́n mo ti jókòó, ọpẹ́ náà sì ni mo fẹ́ dá. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́.

Fìdítì ni mo ń gbé, ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ní Jóbèlé ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, aládùúrà ni wá, èmi ni mo máa ń lé orin. N kì í ṣe ọ̀kan nínú àwọn akọrin tó ń jókòó sójú kan, tí wọ́n ń wo ìwé. Tèmi ni pé bí àdúrà bá ti gbóná tán, tí ẹsẹ̀ ò gbélẹ̀ mọ́, n óò kàn gbé orin látẹnu, gbogbo ìjọ á gbà á, àwọn tó ti ń sùn lẹ́yìn á jí. Láti ìgbà tí mo ti wà ní ọ̀dọ́mọbìnrin ni mo ti ń ṣe é. Mo sì fẹ́ràn ohùn mi, kí n má purọ́. Nínú etí tèmi, ó kún, ó rọ̀, ó ń jáde bí ẹni pé inú àmù ńlá ló ti ń bọ̀. Tí mo bá lé orin tán lọ́jọ́ Ìsinmi, ńṣe ni mo máa ń rìn lọ sílé bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi joyè.

Àfi lẹ́yìn ìkórè ọdún kan, tí ọmọbìnrin kan nínú ìjọ fi fóònù gba orin tí mo lé sílẹ̀, tó sì fi ránṣẹ́ sí gbogbo wa. Inú mọ́tò tó ń ti Jóbèlé bọ̀ ni mo wà nígbà tó wọlé. Mo tẹ̀ ẹ́, mo gbé e sétí. Obìnrin kan ń kọrin. Imú ló fi ń kọ ọ́. Ohùn rẹ̀ tín-ín-rín, ó sì ń ha bí ìgbà tí èèyàn ń fi ṣíbí ha ìdí ìkòkò. Mo ní, "Ẹ gbà mí o! Ta ló fún eléyìí ní máìkì?" Dírẹ́bà wò mí nínú díńgí. N kò tíì pa ẹnu dé tí obìnrin inú fóònù náà fi kígbe "Ògo!", tó fa ìdí rẹ̀ gùn gẹ́gẹ́ bí èmi náà ṣe máa ń fà á. Èmi ni. Èmi ni wọ́n fún ní máìkì.

Láti ọjọ́ náà, orin kú lẹ́nu mi. Wọ́n bi mí ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo ní ọ̀nà ọ̀fun ń dùn mí. Ọ̀nà ọ̀fun wo ló ń dunni láti oṣù dé oṣù? Bàbá àgbà ìjọ ní kí n wá gba omi àdúrà, mo gbà á, mo mu ún, mo sì dákẹ́ síbẹ̀. Ohun tó ń dùn mí kì í ṣe ọ̀fun, ìtìjú ni. Mò ń rò ó pé gbogbo ọdún wọ̀nyí, ohùn yẹn ni àwọn èèyàn ń gbọ́, ẹnì kan ṣoṣo ò sì pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó ta mí lólobó.

Ẹ̀gbọ́n mi nìkan ni mo sọ òótọ́ fún. Èmi àti òun nìkan ló kù nínú àwọn ọmọ ìyá wa. Ìlọrà ló wà, gàrí ló ń tà. Mo pè é, mo ṣàlàyé bí mo ṣe gbọ́ ohùn ara mi, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sunkún. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ó ní, "Ta wá ló sọ fún ẹ tẹ́lẹ̀ pé ohùn ẹ dáa? Ohùn ẹ ò dáa láti kékeré. Ó kàn lágbára ni. Lọ máa kọrin ẹ, jàre." Inú bí mi, mo ní ó dàárọ̀. Lọ́jọ́ kejì ó tún pè mí, ó ń bi mí bóyá mo ti rí ohùn tuntun rà.

Bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ẹnu ẹ̀gbọ́n mi ni ọjà rẹ̀. Tó bá dúró sídìí igbá gàrí rẹ̀ létí títì, ẹni tó wà nínú mọ́tò tó ń sáré lọ sí Ọ̀yọ́ á gbọ́ ọ. Á kí ẹni tó ń kọjá, á bi í léèrè ọmọ, á bi í léèrè ẹsẹ̀ tó ń dùn ún, kí onítọ̀hún tó mọ̀, ó ti ń ra gàrí. Tí tọkọtaya bá ń jà ní àdúgbò, òun ni wọ́n máa ń ránṣẹ́ pè, nítorí ó lè bá àwọn méjèèjì wí kí wọ́n sì jọ máa rẹ́rìn-ín. Kò sí ìgbà tí mo pè é tí kì í ṣe òun ló ń sọ ọ̀rọ̀ púpọ̀ jù.

Ẹni bẹ́ẹ̀ ni rọpárọsẹ̀ dá wó lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, níbi tó ti fẹ́ dìde lórí ìkúnlẹ̀ àdúrà. Apá ọ̀tún rẹ̀ rọ, ẹnu rẹ̀ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. A gbé e lọ sí ọsibítù ní Ọ̀yọ́. Ẹ̀mí rẹ̀ ò bọ́, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé díẹ̀díẹ̀, wọ́n ní ká máa gbé e lọ sílé, ká máa mú un wá fún ìtọ́jú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ò jáde. Ọ̀rọ̀ kankan ò jáde. Ó ń gbọ́ gbogbo ohun tí à ń sọ, èèyàn máa rí i lójú rẹ̀ pé ó ń gbọ́. Á la ẹnu, á fẹ́ sọ ọ́, ọ̀rọ̀ á kọ̀, omi á wá sí i lójú, á sì yíjú sí ògiri.

Àwọn tó wá kí i bẹ̀rẹ̀ sí í bá wa sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ bí ẹni tí kò sí níbẹ̀. "Ṣé ó ń jẹun? Ṣé ó mọ èèyàn?" Ẹ bi í! Ṣebí òun ló jókòó síwájú yín yìí! Mo kanra mọ́ obìnrin kan lọ́jọ́ kan débi pé ó gbé báàgì rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. N kò bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Mo mọ ẹ̀gbọ́n mi. Tí kò bá ní ọ̀rọ̀ mọ́, kò ní pẹ́ tí kò fi ní fẹ́ nǹkan mìíràn mọ́, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ti abọ́ oúnjẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Gbogbo àdúrà mi nígbà náà ò ju ẹyọ kan lọ: Olúwa, dá ọ̀rọ̀ padà sí i lẹ́nu, bó tilẹ̀ jẹ́ kan ṣoṣo.

Kí a tó kúrò ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì kan ti pe èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sẹ́gbẹ̀ẹ́. Obìnrin ni ọmọ náà, aránṣọ ni, ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ n'Ílọrà ló ń gbé tó sì ti ń ránṣọ. Nọ́ọ̀sì ní ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ń gbà nínú ọpọlọ ló dí, pé orin ní ọ̀nà tirẹ̀ lọ́tọ̀, ó sì lè jẹ́ pé ọ̀nà ti orin ṣì ń ṣiṣẹ́. Ó ní kí á wá orin tó ti mọ̀ láti kékeré, kí á máa kọ ọ́ sí i létí ní àràárọ̀, léraléra, kí á má fipá mú un, kí á má sì kánjú. Tó bá lè gbè é, ọ̀rọ̀ lè tẹ̀lé orin jáde. Ó ní òun ò ṣèlérí o. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni pé ó ti ṣèlérí.

Orin tó ti mọ̀ láti kékeré. Ọ̀kan ṣoṣo ló sọ sí mi lọ́kàn. Akínmọ̀rìn ni wọ́n bí wa sí, ìyá wa ń yan gàrí, àwa ọmọ àti àwọn obìnrin agbolé la máa ń jókòó yí òkìtì ẹ̀gẹ́ ká, tí a ó máa bẹ ẹ́. Iṣẹ́ náà a máa súni. Ọ̀bẹ ń gé wa lọ́wọ́, oorun ń kùn wá, tí a bá sì fi èèpo sílẹ̀ lára ẹ̀gẹ́, gàrí á yọ àmì dúdú dúdú. Ìyá wa wá dá orin kan sílẹ̀. Kì í ṣe pé ó fẹ́ kí inú wa dùn o. Ó fẹ́ fi máa ṣọ́ wa ni.

"Ta ló fi èèpo sára ẹ̀gẹ́ o?"

"Èmi kọ́ o, ìyá mi, èmi kọ́."

"Ta ló ń sùn sídìí òkìtì o?"

"Èmi kọ́ o, ìyá mi, èmi kọ́."

Ó ní òfin kan tó fi sí i. Ẹni tó ń lé e kò gbọdọ̀ bọ́ sí ìlà tó kàn, àfi tí gbogbo ẹnu bá ti dá a lóhùn. Tí ẹnu kan bá dín, a ó dúró ni. Gbogbo wa á dákẹ́, ọ̀bẹ nìkan ló ń dún, ìyá wa á ti ṣa èèpo ẹ̀gẹ́ kan mú, á máa fi ojú wá ẹni tó sùn. Èèpo á bà á. Onítọ̀hún á ta jí, á sáré ké pé, "Èmi kọ́ o!" Gbogbo ilé á bú sẹ́rìn-ín, nítorí ta tún ni ì bá jẹ́? Èmi ni ìyá wa fi ṣe ẹni tó ń lé orin náà, èmi tí mo kéré jù. Ẹ̀gbọ́n mi ló máa ń gbè é lé mi lórí jù lọ, tí n óò sì máa wo ẹnu rẹ̀ kí n tó gbé ìlà mìíràn.

Mo gbìyànjú láti kọ ọ́ sí i létí fúnra mi. Mo jókòó tì í lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo ní, "Ta ló fi èèpo..." Ẹkún gba orin lẹ́nu mi. Ó ń wo ẹnu mi bí ẹni tó ń wá nǹkan tó sọnù sínú rẹ̀. Èmi àti òun jọ bú sẹ́kún. Nọ́ọ̀sì wá lé mi jáde, ó ní, "Mà, orin ni mo ní kí ẹ kọ." Nígbà tí a dé ilé, mo tún gbìyànjú, bákan náà ni. Tí mo bá ti rí ojú rẹ̀, ẹkún á tún gba orin lẹ́nu mi.

Ìgbà náà ni ọmọ rẹ̀ ní, "Mọ́mì kékeré, ṣé ẹ rí i, ẹ kọ ọ́ sínú fóònù fún mi. Ẹ wà ní tiyín ní Fìdítì kí ẹ kọ ọ́, èmi á máa tan án fún wọn láràárọ̀."

Mo fara ya. Mo ní, "Ìwọ ọmọ yìí, o ti gbọ́ ohùn mi nínú fóònù rí?"

Ó ní òun ò gbọ́ rí.

Mo ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Má gbọ́ ọ."

Mo ní ọgbọ́n tí n óò dá. Mo lọ bá ọmọbìnrin kan nínú àwọn akọrin wa, ẹni tí ohùn rẹ̀ mọ́ gaara, tí àwọn ìjọ mìíràn máa ń wá yá. Mo kọ́ ọ ní orin ìdí ẹ̀gẹ́. Ọmọ náà gbìyànjú, Ọlọ́run á bù kún un. Òun ló lé e, òun náà ló gbè é, ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá a tẹ dùùrù sí i, ó ń ṣàn lọ láìdúró níbì kankan. Mo gbọ́ ọ, mo ní, ẹ wo ohùn èèyàn! Mo fi í ránṣẹ́ sí Ìlọrà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi pè mí lẹ́yìn rẹ̀, ó ní, "Ó dùn mọ́ wọn o, mọ́mì kékeré. Wọ́n sùn lọ." Lọ́jọ́ kejì ńkọ́? Wọ́n sùn lọ. Títí ọ̀sẹ̀ yẹn fi parí, ìgbàkígbà tí ọmọ náà bá tan orin dídùn yẹn, ẹ̀gbọ́n mi á rẹ́rìn-ín músẹ́, á sì sùn.

Ní àárọ̀ Sátidé, ó tún pè mí. Kò sọ̀rọ̀ orin. Ó ní ìyá òun ti ń ti abọ́ dànù láti àná, pé kò gba ẹ̀kọ pàápàá mọ́. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo dìde, mo ti fèrèsé, mo fi aṣọ ìborùn dí ihò abẹ́ ilẹ̀kùn kí ẹnikẹ́ni nínú ilé má baà gbọ́. Mo gbé fóònù sórí ìrọ̀rí. Mo tẹ̀ ẹ́. Mo kọjú sí ògiri, mo sì lé e.

"Ta ló fi èèpo sára ẹ̀gẹ́ o?"

Mo dákẹ́. N kò mọ̀ pé mo dákẹ́. Àkùkọ kan kọ níta, ọ̀kadà kan kọjá. Ìgbà tó wá ṣe mí bí ẹni pé wọ́n ti gbè é tán, mo gbé ìlà kejì. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe é dé òpin. Mi ò mọ ọ̀nà mìíràn tí wọ́n ń gbà lé orin yẹn.

Mo tan án láti gbọ́ ọ. Háà! Imú náà ni. Híha náà ni. Àti pé lẹ́yìn ìlà kọ̀ọ̀kan, ìdákẹ́jẹ́ gbọọrọ, àkùkọ, ọ̀kadà, èémí mi. Mo na ọwọ́ láti pa á rẹ́. Mo rántí abọ́ ẹ̀kọ. Mo dijú, mo fi ránṣẹ́, mo sì wọ ilé ìdáná lọ bínú sí ìkòkò.

Kò pẹ́ tí ọmọ náà fi pè. Ó ní, "Ẹ ṣé o, mọ́mì kékeré. Ṣùgbọ́n ṣé nẹ́tíwọ̀kì ló ń já ni? Ẹ kọ ìlà kan, ẹ dákẹ́, ẹ tún kọ òmíràn, ẹ tún dákẹ́."

Mo ní, "N kò dákẹ́. Mò ń dúró."

"Ẹ̀ ń dúró de ta ni?"

"Ìyá ẹ."

Mo gbọ́ tó fọn ikun imú. Ó ní ó dáa, òun á máa tan án bẹ́ẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tó sọ fún mi lẹ́yìn ìyẹn ni pé, "Wọn ò sùn o." Ẹ̀gbọ́n mi la ojú sílẹ̀, ó ń wo fóònù. Tí orin bá dákẹ́, á bojú wo ẹ̀yìn bí ẹni tó ń wá àwọn tó yẹ kó dáhùn. Lẹ́yìn náà, ọmọ náà ní ètè wọn ń mì. Mo ní kó má parọ́ fún mi. Ó ní òun ò parọ́.

Lọ́jọ́ kan mo wà ní ọ́fíìsì ní Jóbèlé, fóònù mi dún. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni. Kò kí mi, kò sọ nǹkan kan. Mo kàn ń gbọ́ ohùn ara mi láti ọ̀ọ́kán, "Ta ló fi èèpo sára ẹ̀gẹ́ o?" Mo ti fẹ́ bínú pé kí ló dé tó fi ń fi ohùn mi dá mi lóró. Ìdákẹ́jẹ́ wá dé. Nínú ìdákẹ́jẹ́ náà, nǹkan kan dún, ó wúwo, ó ń fà, "...kọ́... o." Mo dìde dúró. Ohùn mi gbé ìlà kejì. Ó tún dúró. "...mi kọ́ o... ìyá mi..." Mo sáré jáde sábẹ́ igi tó wà ní iwájú ọ́fíìsì, mo fi ọwọ́ kejì dí etí. Nígbà tó fi máa di ìlà tó kẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n mi ti gbè é já: "Èmi kọ́ o, ìyá mi, èmi kọ́."

Mo figbe ta. Bàbá tó ń ṣọ́ géètì sáré wá, ó rò pé ẹni kan kú. Mo ní, "Bàbá, ẹ bá mi yọ̀, ẹ̀gbọ́n mi ní òun kọ́ o!"

Ó ní, "Òun kọ́ kí ni?"

Ta ló máa ráyè ṣàlàyé? Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja síbẹ̀, èmi obìnrin, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́.

Mo gba Ìlọrà lọ lọ́jọ́ náà nígbà tí iṣẹ́ parí. N kò tètè wọlé. Mo dúró sábẹ́ fèrèsé níta, nítorí mo gbọ́ tí wọ́n tún tan án. Ẹ̀rọ ìránṣọ ń ró, àwọn ọmọdé ń pariwo láàárín ọgbà, rédíò aládùúgbò ń sọ tirẹ̀. Ohùn mi la gbogbo rẹ̀ já. Ó ṣì ń gba imú jáde o. Kò sí ohun tó yí padà lára rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí n tàn yín. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe dúró níbẹ̀, ó wá yé mi ìdí tí ìyá wa fi yan èmi, tí kò yan àwọn tí ohùn wọn dùn. Ta ló máa sùn sídìí irú ohùn báyìí? Ohùn ọmọ akọrin wa ń mú kí ẹ̀gbọ́n mi sùn. Ohùn tèmi ń jí i. Mo fi ọwọ́ bo ẹnu mi lábẹ́ fèrèsé yẹn, mo ní, Bàbá mi ọ̀run, ẹ ṣeun. Gbogbo ìgbà tí mò ń tijú rẹ̀ yìí, ẹ ò gbà á lọ́wọ́ mi.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ̀kọ. Ṣùgbọ́n orin náà ò kọjá orin. Ọ̀sẹ̀ ń gun orí ọ̀sẹ̀, ìlà kan ṣoṣo yẹn ló ní lẹ́nu. Tí a bá bi í pé, "Ṣé ẹ ti jẹun?" á rò ó títí, á wá fi orin dáhùn pé, "Èmi kọ́ o." Tí a bá bi í ta ló da omi sílẹ̀, ìyẹn ṣe wẹ́kú, a ó jọ rẹ́rìn-ín, òun náà á rẹ́rìn-ín. Àmọ́ mo máa ń rí i lẹ́yìn ẹ̀rín náà. Ó mọ ohun tó fẹ́ sọ, kì í sì í ṣe ìyẹn. Nọ́ọ̀sì ní kí á ṣe sùúrù, pé ẹlòmíràn wà tí orin nìkan ló padà sí lẹ́nu. Mo ní tó bá jẹ́ orin nìkan náà ni, a gbà. Ẹnu ni mo fi sọ ọ́, ọkàn mi ò gbà.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, mo ti ṣọ́ọ̀ṣì gba Ìlọrà lọ pẹ̀lú aṣọ funfun lára. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sórí àga ní pálọ̀, ọmọ rẹ̀ ń tan orin fún un. Mo kúnlẹ̀ kí i. Bí ohùn mi ṣe gbé ìlà kejì nínú fóònù, ẹ̀gbọ́n mi gbé ọwọ́ òsì sókè, ó ń jù ú. Ọmọ rẹ̀ pa fóònù. Mo rò pé nǹkan ń dùn ún. Ó kọjú sí mi, ó yanu. Ètè rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ọrùn rẹ̀ ń le, òógùn yọ níwájú orí rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ fẹ́ bá a sọ ọ́, mo di í lọ́wọ́ mú. A dúró. A dúró bí wọ́n ṣe kọ́ wa nídìí ẹ̀gẹ́, tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tẹ̀ síwájú.

Ó ní, "Ó... ó ga."

Kì í ṣe orin. Mo wo ọmọ rẹ̀, ọmọ rẹ̀ wò mí.

Mo ní, "Kí ló ga, ẹ̀gbọ́n mi?"

Ó fi ìka òsì na fóònù, ó wá fi na èmi náà láyà. Ojú rẹ̀ le, bó ṣe máa ń le tí ẹni tó ń ra gàrí bá ń fi ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ ná ọjà. Ó ní, "Ó ga jù."

Ó ga jù! Òótọ́ sì ni. Ẹ̀rù tó bà mí láàárọ̀ Sátidé yẹn ló jẹ́ kí n gbé orin náà sókè fíofío, láti ọjọ́ yìí wá ni obìnrin aláìsàn sì ti ń na ọrùn láti gbè é. Èmi ń sunkún imú, ẹnikẹ́ni ò rí ti imú rò. Mo fi orí lé ẹsẹ̀ rẹ̀, mò ń rẹ́rìn-ín, mò ń sunkún, ọmọ rẹ̀ ń jó yí àga ká. Òun ò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó ṣì ń wò mí, ó ń retí kí n tún un ṣe.

Mo ti ń bẹ Ọlọ́run fún ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Nígbà tó máa fún un, èmi ló fi bá wí. Mo gbà, mo dúpẹ́. Mo nu ojú mi, mo sọ ohùn kalẹ̀, mo sì tún un lé.